Fọ́tò Ìbejì Tí Mo Rì Bọ Omi

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí omi ń ró nínú bàsíà, àyà mi a já. Onífọ́tò ayé fíìmù ni mí, ní Ìsọlọ̀. À ń ti ara wa mọ́ yàrá òkùnkùn, à ń ti pépà bọ oògùn, a ó sì ṣàn án lómi títí oògùn á fi tán lára rẹ̀. Nígbà náà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú ní kékeré, ìyá wọn kì í fẹ́ kí èyí tó kù dá wà nínú fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó ya ọmọ kan náà, a ó yí i sọ́tùn-ún, a ó yí i sósì, a ó wá tẹ méjèèjì papọ̀ sórí pépà kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ya Táyé fún Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, lẹ́yìn tí Kẹ́hìndé ti lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Àgbàrá òjò wọ ilé ìyá náà, fọ́tò yẹn lẹ̀ mọ́ dígí, ó bó. Lẹ́yìn náà ni ojú ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó ku ọ̀la, ó fọ̀pá tẹlẹ̀ wá sílé mi lẹ́yìn Àgọ́ Palace.

"Onífọ́tò, mi ò mọ bí ọ̀la á ṣe rí. Bí ojú yìí ò bá ní là mọ́, àwọn ọmọ mi ni kí n rí gbẹ̀yìn. Ṣé fíìmù wọn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ó wà. Yàrá òkùnkùn ni kò sí mọ́.

Ọmọ mi obìnrin ń dán príńtà kan wò nínú ilé lọ́sẹ̀ náà. Ó ti fa íńkì aláwọ̀ inú rẹ̀ dànù, ó rọ íńkì dúdú sí ihò kan, ó rọ íńkì àwọ̀ eérú sí ìyókù, látorí èyí tó ṣókùnkùn dórí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi lásán. Ó ní eérú tó ń tẹ̀ léra yẹn ló ń jẹ́ kí ojú èèyàn yọ dáadáa lórí pépà. Ó gba àwòrán inú fíìmù méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, ó so wọ́n pọ̀. Pépà fọ́tò mẹ́ta péré ló kù.

"Dádì, èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n tán o."

Ìyá Ìbejì jókòó sí pálọ̀, ó ń bi wá bí ẹni tó ń retí àlejò: "Ṣé wọ́n ti dé?"

Ti àkọ́kọ́ pọ́n bí ẹni tó kun osùn. Íńkì àtijọ́ ò tíì tán nínú ẹ̀rọ. Èkejì jáde. Háà! Dúdú rẹ̀ dúdú, funfun rẹ̀ funfun, mo rí ìmọ́lẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ọmọ mi kàn yí ojú kúrò báyìí ni, ọwọ́ mi ti gbé pépà, ó ti rì í bọ bàsíà omi tó wà nílẹ̀. Mi ò rò ó. Ọwọ́ tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ kì í dúró gbàṣẹ. Kí n tó mí, Táyé ti yọ́ bí ọṣẹ, omi ti dúdú.

"Dádì! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo ń ṣàn án ni."

"Ẹ ń ṣan kí ni? Íńkì ni o! Ó kù kẹ́ ẹ fi ata sí i, kẹ́ ẹ gbé e kaná!"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ọjà rèé, òun gan-an ló ti orí ọmọ bọ omi.

Pépà kan ló kù. Òjò ń ṣú bọ̀, a sì mọ̀ pé bó bá ti kán báyìí, iná á lọ. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, mo jókòó lé wọn. Ẹ̀rọ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó dé àárín, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí fọ́tò jáde tó sì gbẹ, a gbé e fún Ìyá Ìbejì. Imú ló kọ́kọ́ fi kàn án.

"Kò rùn. Fọ́tò tìẹ máa ń rùn."

Ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e súnmọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò kúrò. Ìka rẹ̀ wá ń rìn lórí pépà.

"Táyé rèé. Kẹ́hìndé rèé. Òun ló máa ń gbé imú sókè díẹ̀."

Ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó níwájú mi lọ́jọ́ tí mo ya fọ́tò yẹn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú rẹ̀ kan là, èkejì kọ̀. Fọ́tò náà wà lára ògiri rẹ̀ dòní, lókè, níbi tí àgbàrá ò lè dé. Bí ọmọ mi bá ń tẹ fọ́tò, mo ṣì ń jókòó lé ọwọ́ mi. Nígbà mìíràn mo máa ń yà kí ìyá náà, mo sì máa ń wo àwòrán yẹn fúnra mi, èmi tí mo mọ bí a ṣe ṣe é. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ń rí imú tó gbé sókè díẹ̀ yẹn.