Ẹnu Kan Ni Kó Sọ̀rọ̀

Obìnrin ọlọ́pàá kan wà tí gbogbo tẹ́ṣàn ń pè ní Ìyá Ẹnu-Kan. Kì í ṣe pé kò lẹ́nu o. Bó bá ń ṣàwàdà, ẹ ó fọwọ́ di ìhà mú. Òfin rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: níbi tí èèyàn bá ti mú ohun ìjà dání, ẹnu kan ni kó sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù dákẹ́.

Ilé baba rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí orí baba náà dàrú lọ́jọ́ ogbó, bí àwọn ọmọ bá pariwo lé e lórí pé, "Bàbá, ẹ jókòó! Ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀! Ẹ máa bọ̀ níbí!", ṣe ni yóò gbé ọ̀pá sókè. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá bá a sọ̀rọ̀, á jókòó. Irú ariwo àwọn ọmọ yẹn náà sì ni àwọn ọlọ́pàá máa ń pa, àfi pé tiwọn tún ní ìbọn nínú. Ọ̀kan á ní, "Gbọ́wọ́ sókè!" Èkejì á ní, "Dọ̀bálẹ̀!" Ẹ̀kẹta á ní, "O ò gbọdọ̀ mira!" Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè dọ̀bálẹ̀ láìmira? Bó ṣe ọ̀kan, ó ti rú òfin méjì, wọn á sì torí ẹ̀ yìnbọn. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó káfíńtà kan pe tẹ́ṣàn. Ọkọ rẹ̀ kò rí oorun sùn láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú, ó sì ti gbé àáké dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́," obìnrin náà ní, "mi ò ní kẹ́ ẹ wá pa á o. Ẹ wá ràn mí lọ́wọ́ ni."

Ìyá Ẹnu-Kan lọ, òun àti dírẹ́bà, àti ọlọ́pàá tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Gìrìpá. Káfíńtà náà dúró láàárín pákó, ìlẹ̀kùn tí kò tíì parí wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí Ìyá tó la ẹnu, Gìrìpá ti kígbe, "Ju àáké sílẹ̀!" Dírẹ́bà náà gba ẹ̀yìn kígbe, "Jáde síta!" Káfíńtà wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó gbé àáké sókè. Gìrìpá fa ìbọn yọ.

"Ẹ panu mọ́," Ìyá ní, kò pariwo. "Ẹ sẹ́yìn."

"Ẹ̀yìn kẹ̀, Màmá? Ká sá fún káfíńtà?"

"Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Mo ní kó o sẹ́yìn."

Bí káfíńtà ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń sẹ́yìn, títí wọ́n fi dé òdìkejì títì, tí ọkọ̀ wọn wà láàárín. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ wá wo ọlọ́pàá tó ń sá. Ojú ti Gìrìpá. Ojú ò ti Ìyá rárá. Àáké kì í kọjá ọkọ̀ wá gé èèyàn.

"Ìlẹ̀kùn ta lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ yẹn?" ó bi í.

Ìyá tún béèrè, ohùn kan náà. Ó tún béèrè. Káfíńtà bojú wẹ̀yìn wo ìlẹ̀kùn náà.

"Ti àbúrò mi ni."

"Ìlẹ̀kùn náà mà dáa o. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sọ bí àbúrò yín ṣe jẹ́ fún mi."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún, àáké bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ní kí ìyàwó rẹ̀ ṣì dúró ná, ó yí ọkọ̀ ká lọ bá a, ó fi ẹsẹ̀ ti àáké sẹ́yìn, ó wá jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù tí oorun sì ti gbé e lọ, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ títí.

"Ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n tètè pè yín," ó ní. "Ìyá, tó bá tún ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ̀yin náà ni wọ́n máa rán wá?"

Ìyá fẹ́ sọ pé ẹni yòówù kó wá, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, kò sì lè purọ́ fún un. Ó yíjú sí Gìrìpá, tó fara ti ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

"Dá a lóhùn," ó ní.

Gìrìpá wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "díẹ̀ báyìí ló kù kí n yìnbọn fún un."

Ìyàwó káfíńtà gbọ́. Ó ní kí Ìyá kọ nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ fún òun.