Ọjọ́ Tí A Gbé Fọ́tò Àwọn Ìyá Wa Jáde

Ní ọdún tí ìbẹ̀rù kòrónà rọlẹ̀, tí ojú títì Jos tún kún fún èrò, ni àwa obìnrin kan péjọ sẹ́nu ọ̀nà yunifásítì ní Bauchi Road. Olùkọ́ ni mí. Mo ti bá ẹgbẹ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀ rí, ọlọ́pàá sì ti yin tajútajú sí wa lójú. Síbẹ̀, kò sí ìjà tó dùn mí tó ti ọjọ́ yẹn, nítorí kì í ṣe ọlọ́pàá ló tú wa ká.

Ohun tí a ń bèèrè kò le. Jẹjẹrẹ ọyàn pa ìyá mi, ó tún pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ewu àrùn náà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí òbí fi bímọ, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe bàbá. Àyẹ̀wò wà tó lè fi í hàn kí àìsàn tó dé, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ẹni náà. À ń fẹ́ kí ìjọba gbé àyẹ̀wò yìí wá sí ìlú wa. Kí wọ́n má baà pè wá ní aláriwo, a ní kí kálukú gbé fọ́tò ẹni tí àrùn náà pa nílé rẹ̀ dání.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kú náà, gbé ti ìyá rẹ̀. Ọmọ oníṣòwò ará Ìlọrin kan ní Bukuru ló fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọn ẹbí ọkọ sì ń wádìí ìdílé wa lọ́wọ́ bí àṣà: ṣé wèrè wà níbẹ̀, ṣé wárápá wà níbẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà lọ́nà ilé ìwòsàn ìjọba tí Bọ̀dá Ràímì, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, olórí ẹbí, fi bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó já fọ́tò náà gbà.

"Haba, Bàbá," ni Mọ́rẹ́nikẹ́ wí. "Ìyá mi mà ni, don Allah, ẹ jọ̀ọ́."

Èmi ni Bọ̀dá kọjú sí. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Jẹ́ kó relé ọkọ ná."

"Bọ̀dá, ẹ̀yin náà lè ní ewu náà lára o. Ẹ bí obìnrin."

"Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ìwọ lo fẹ́ la ogiri wa."

Ó mú ọmọ náà lọ. Àwọn obìnrin tó rí i bẹ̀rẹ̀ sí í yí fọ́tò tiwọn mọ́ àyà, torí àwọn náà ní ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi fọ́kọ. Nígbà tí a máa fi dé ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ti yà sílé, a kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ọ̀gá kan jáde, ó wò wá. "Ṣé ẹ̀yin tí àrùn ń pa ò ju báyìí lọ?" Inú bí mi.

Ìgbéyàwó wáyé. Mo bẹ Mọ́rẹ́nikẹ́ kó lọ ṣàyẹ̀wò náà ní ìlú mìíràn, ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bímọ. Ó bí obìnrin. Nígbà tó ń fọ́mọ lọ́yàn ló rí kókó kan, ó rò pé omi ọyàn ló dì. Kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́, jẹjẹrẹ náà ti tàn kọjá ọyàn. Ilé ọkọ rẹ̀ ní Kabong ló kú sí. Bọ̀dá ní ká sọ fáráyé pé àìsàn ránpẹ́ ni.

Níbi tí a ti ń gba ìbánikẹ́dùn, ìyá ọkọ rẹ̀ fà mí lọ sẹ́yìn ilé. "Wallahi, ká ní a mọ̀ ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá mú un lọ ṣàyẹ̀wò. Àrùn yìí náà ló pa ìyá mi àti àbúrò mi."

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Ó wolẹ̀.

"A rò pé ẹ ò ní fún wa lọ́mọ ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá a ṣẹ́gun. Lónìí, nọ́ọ̀sì ń bèèrè ohun tó pa ìyá rẹ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn fún àyẹ̀wò, bí o bá rówó rẹ̀ san. Mo ṣe tèmi, ewu náà wà lára mi. Àwọn dókítà ń ṣọ́ mi. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi títí dòní, nítorí ìdílé méjì wádìí ara wọn délẹ̀délẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì fi pamọ́ fún ara wọn. Ọmọ tí Mọ́rẹ́nikẹ́ fi sílẹ̀ lè jogún rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá, ó lè jogún rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá, a sì jẹ ẹ́ ní gbèsè òtítọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe Bọ̀dá lórí fóònù pé èmi yóò sọ fún ọmọ náà bó bá ti gbọ́n tó.

"Jẹ́ kó relé ọkọ ná," ló wí.

Ọmọ tí à ń wí yìí, eyín rẹ̀ kò tíì ká.