Ẹni Tó Bá Ń Mú Àlàbí Lọ, Á Mú Èmi Náà Dání

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú kọnjé Àjíǹde, ìyẹn ìsinmi iléèwé tó kọjá yìí, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ilé ọkọ mi. Ẹ mọ̀ pé tiwọn ti ní ata nínú! Wọ́n ní mo ya aláìgbọràn. Wọ́n ní ìwé tí mo kà ló ń gùn mí. Ó dáa. Ẹ gbọ́ tèmi ná kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa ní Ṣábẹ̀, ẹ mọ àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì. Orí mi ti ń hewú díẹ̀díẹ̀ kí n tó bí wọn. Bíọ́dún ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àlàbí ni àbúrò, kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tí ẹ bá ń wá ohunkóhun nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ wo àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé mi kì í ṣe ilé mọ́, pápá ìṣeré ni. Kajú ń parí lóko, omi kajú sì ti ba gbogbo aṣọ wọn jẹ́, kò sí ọṣẹ tó lè bó o. Wọ́n á gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á fi ìdí yọ̀ wálẹ̀ títí ìdí ṣòkòtò á fi lu. Bí ẹ̀sunsun bá tú jáde lẹ́yìn òjò, abọ́ ìfọṣọ mi ni wọ́n fi ń kó o. Lọ́jọ́ kan, mo ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tí mo ń wọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ní kọlẹ́ẹ̀jì, ẹ̀sunsun ni mo tẹ̀ níbẹ̀! Mo pariwo. Ta ló ṣe é? Bíọ́dún ní Àlàbí ni. Àlàbí ò jiyàn, ó kàn na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n fún òun ní ẹ̀sunsun òun padà.

Ṣé ẹ rí irú àwọn tí mò ń bá gbé? Síbẹ̀, àwọn ni mo ní.

Bí kọnjé ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Kútọnu. Èmi kì í pe orúkọ wọn. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo sọ wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, torí pé tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, iyàrá á mọ́lẹ̀. Ọkọ mi náà ni mo sì ń pè wọ́n. Àṣà wa nìyẹn: gbogbo ẹni tí mo bá nínú ilé yẹn, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọkọ mi ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Eyínfúnjowó kì í ṣe ènìyàn búburú. Nígbà tí ìyá wọn kú, àwọn ni wọ́n pọn ọkọ mi, àwọn ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, búrẹ́dì á kún ọwọ́ wọn. Tí wọ́n bá ń padà, àwa náà á di iṣu fún wọn, a ó di gààrí, a ó di kajú tí a ti yan.

Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, iṣu nìkan kọ́ ni wọ́n wá gbé.

Wọ́n lọ bá Bàbá, ìyẹn bàbá ọkọ mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú Àlàbí lọ sọ́dọ̀ àwọn, kó máa gbé níbẹ̀ títí tí yóò fi dàgbà. Wọ́n ní lekọ́ọ̀lù Kútọnu, iléèwé wọn lọ́hùn-ún, dára ju tiwa lọ, pé kò ní pẹ́ tí ọmọ náà á máa sọ Faransé bí ẹni ń mu omi. Faransé tí mo fi ń jẹun ní kọlẹ́ẹ̀jì! Òun ni ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ lọ́nà jíjìn? Wọ́n tún ní ọmọ méjì ti pọ̀ jù fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ méjì! Ìyá mi bí mẹ́jọ, wọ́n ṣì ń bi í pé ìgbà wo ló máa tún bí.

Bàbá pe ẹbí jọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n wá gbọ́. Ẹ kíyè sí i: kí n wá gbọ́, kì í ṣe kí n wá sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀. Bàbá ní ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan, pé nínú ilé àwọn, tí ẹ̀gbọ́n bá tọrọ ọmọ, a kì í fi dù ú. Gbogbo wọn ń mi orí. Ọkọ mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́."

Àbúrò Bàbá kan wá béèrè pé ṣé ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀ ni, àbí eṣinṣin ló ń kùn. Mo ní èmi ni o, bàbá, eṣinṣin ò lè bí Àlàbí. Ẹnì kan fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Bàbá ní kí n dìde, kí n lọ di ẹrù ọmọ, pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Orúnkún mi ò kúrò nílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo ṣe àfojúdi. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn pé ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ ti gbà?

Nígbà tí ọkọ mi ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́, mo bi í bóyá ohun tó wu òun náà nìyẹn. Ó ń yí òkèlè kan ṣoṣo lọ́wọ́, kò fi sẹ́nu.

Ó ní, "Ìyá Bíọ́dún, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti mọ ayé. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn pé rárá?"

"Ẹnu tí ẹ fi ń jẹ iyán mi ńkọ́, Bàbá Bíọ́dún?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jáde. Mo wá mọ̀ pé kò lè gbà mí lọ́wọ́ wọn. Kò burú. Kì í ṣe gbogbo ìjà ni ọkọ ń bá ni jà.

Mo yà sí iyàrá àwọn ọmọ. Àlàbí ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá ẹ̀sunsun wà ní Kútọnu. Bíọ́dún, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ò dáhùn. Ó ń ki kànnàkànnà rẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ fọwọ́ kàn rí, bọ inú àpò ẹrù Àlàbí.

Ibẹ̀ yẹn ni mo ti pinnu ohun tí mo máa ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo di ẹrù Àlàbí bí Bàbá ṣe wí. Ṣé ẹ rí i pé mo gbọ́ràn? Mo wá di tèmi náà. Mo di ti Bíọ́dún. Mo mú ọmọ odó mi dání. Mo ronú pé odó á wà ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ọmọ odó tó bá ti mọ́ ni lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀.

Tàsí dé, òjò sì ti ń ṣú. Mo bá Eyínfúnjowó gbé iṣu wọn sẹ́yìn mọ́tò. Gbogbo ilé ti jáde wá sìn wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń dágbére lọ́wọ́ ni mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó, mo gbé Àlàbí lé itan, Bíọ́dún fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọ odó dúró láàárín wa bí èrò kẹrin.

Eyínfúnjowó bẹjú wo inú mọ́tò. "Ìyàwó, níbo lò ń lọ?"

"Kútọnu ni, ọkọ mi."

"Ta ló pè ọ́?"

"Háà! Ọjọ́ tí ẹ gbé mi wọlé lẹ ti pè mí. Ọkọ mi ń padà sílé, kí ìyàwó má tẹ̀lé e ni?"

Ariwo ta! Bàbá fi ọ̀pá kan orí mọ́tò, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Mo ní ẹ má bínú, Bàbá, ẹ ní kí ọmọ lọ, ọmọ ń lọ. Ẹ ò sọ pé kí ìyá rẹ̀ má lọ. Sọfẹ́ẹ̀ tó ń wà wá ní òun ò mọ ti ẹbí o, òjò ń bọ̀, ẹni tó ń lọ kó wọlé. Eyínfúnjowó náà kì í ṣe ojo. Wọ́n wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, wọ́n ní kó máa lọ. Èrò wọn ni pé tí a bá dé ẹ̀yìn ìlú, màá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n já mi sílẹ̀.

Ṣé mo bẹ̀bẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀!

Ńṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ wo nínú pálọ̀ ni kí n tẹ́ ẹní wa sí. Mo ní kí wọ́n má ṣe yọnu, pé láàárọ̀ kùtùkùtù ni màá ti máa gún iyán. Alájì kan tó jókòó níwájú, tó ń lọ ra ọjà, ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó yíjú padà, ó ní, "Màdáàmù, ṣé ilé ilẹ̀ ni àbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?" Mo ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òkè pátápátá. Ó ní, "Odó lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Kí Ọlọ́run ṣàánú àwọn tó wà nísàlẹ̀!" Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín, àfi Eyínfúnjowó.

Òjò dé. A ń lọ, a ń lọ, títí a fi dé Glazoué, sọfẹ́ẹ̀ sì dúró kí ẹnì kan lè sọ̀. Ibẹ̀ ni Eyínfúnjowó ti sọ̀rọ̀, wọn ò wo ojú mi.

"Ìyàwó, o ò mọ bí ilé mi ṣe dákẹ́ tó. Àwọn ọmọ ti lọ tán. Tẹlifísọ̀n ni mo máa ń tàn sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn."

Ọ̀rọ̀ lekọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ Faransé, gbogbo rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Àánú wọn ṣe mí, mi ò ní purọ́. Mo ní ọkọ mi, gbogbo kọnjé ńlá, màá mú àwọn méjèèjì wá, wọ́n á fi ariwo tú òrùlé yín. Wọ́n mi orí.

"Àlejò kọ́ ni mo fẹ́. Ọmọ ni mo fẹ́."

Mo ní, "Èmi náà, ọkọ mi. Ọmọ ni mo fẹ́."

Òjò ń lu orí mọ́tò. Àlàbí ń wo ojú mi, ó ń wo tiwọn. Eyínfúnjowó wá pòṣé kan, ó gùn! Wọ́n ní kí sọfẹ́ẹ̀ já ẹrù wa sílẹ̀. Wọ́n fa Àlàbí mọ́ra, wọ́n sọ nǹkan sí i létí, èyí tí kò tíì sọ fún mi títí dòní. Wọ́n wá ní, "Gbé ọmọ odó rẹ, olórí kunkun." Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ Glazoué, mo ní ó dàbọ̀, ọkọ mi. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, mọ́tò lọ.

Mọ́tò tó ń gba Ṣábẹ̀ lọ sí Parakou ló gbé wa padà, a rin bí adìyẹ tó kó sódò. Ọkọ mi wà níta nínú òjò. Ó rí Bíọ́dún, ó rí Àlàbí. Ó gbé kékeré lé èjìká, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Ó ti wọlé tán kó tó béèrè pé kí la máa wí fún Bàbá.

Mo ní, "Ẹ sọ pé ìyàwó yín lágídí. Ẹ ò purọ́ nìyẹn."

Ṣé ó tán síbẹ̀? Rárá o. Ògiri ni Bàbá ń wò báyìí tí wọ́n bá ń dá mi lóhùn ìkíni. Àwọn ìyàwó ilé á dákẹ́ tí mo bá yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn yọ́ wá bá mi nídìí kànga, ó ní wọ́n ń bọ̀ wá mú ọmọbìnrin òun lọ sí Parakou, báwo ni mo ṣe ṣe é gan-an? Eyínfúnjowó máa ń pe tẹlifóònù ọkọ mi lọ́jọ́ Ìsinmi, Àlàbí ni wọ́n ń béèrè. Tí èmi bá gbé e, wọ́n á pa á. Kò sí wàhálà. Mo máa ń gbé e fún àwọn ọmọ, mi ò sì ní sọ pé kí wọ́n rọra pariwo.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò le. Mi ò sọ pé kí ọmọ má gbé lọ́dọ̀ ẹbí. Ọkọ mi gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì di ènìyàn gidi. Àmọ́ kí wọ́n bi ìyá léèrè. Kí wọ́n bi ọmọ náà. Wọ́n ní ìyàwó kì í sọ pé rárá. Mo sọ ọ́. Ọ̀run ò já lulẹ̀, òjò nìkan ló rọ̀.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹbí tọrọ ní kékeré, báwo ló ṣe rí lára yín? Ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bú mi náà, ẹ má fi sínú. Àmọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èébú, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: èwo nínú àwọn ọmọ tiyín lẹ máa fún mi?