Tépù Tó Wà Lọ́rùn Rẹ̀

Bí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì mi lọ́sàn-án, tí òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọkùnrin yẹn a tún padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lójú inú mi. Bí mo ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi n'Íbarà, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn kò tíì ju ọmọ ọdún díẹ̀ lọ, tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, òun dúró sínú òjò, ó ń retí kí ẹnìkan ní kó wọlé. Ọdún mẹ́jọ ló lò lẹ́wọ̀n. Níbẹ̀, ẹlòmíràn ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Wọ́dà àgbà kan tó jẹ́ oníbàárà mi ló bẹ̀ mí pé kí n gbà á. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti kọ́ṣẹ́, bí kò bá sì ríṣẹ́ ṣe, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sọ́dọ̀ àwọn. Mo ní bí abẹ́rẹ́ mi kan péré bá sọnù, òun wọ́dà ni màá wá mú.

Abẹ́rẹ́ kankan kò sọnù. Ìránṣọ rẹ̀ gún ju tèmi lọ, ó sì dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í wọn èèyàn. Lẹ́wọ̀n, aṣọ mẹ́ta ló wà: kékeré, àárín, ńlá. Ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tí èjìká rẹ̀ kan wọ́ sílẹ̀, inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni gbogbo wọn ń bọ́ sí. Mo fi tépù kọ́ ọ lọ́rùn. Bí oníbàárà bá ti wọlé, yóò sá lọ sẹ́yìn, yóò ní òun ń lọ aṣọ.

Inú bí mi. Mo ní bí oṣù yẹn bá parí tí kò tíì wọn ẹnìkan, kó máa lọ.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yìí ni mo fi fọ́ ojú ẹnìkan níbi ìjà. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì fi kan ẹnikẹ́ni."

Ojú tì mí. Mi ò sì mọ bí n ó ṣe kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Bàbá rẹ̀ ń ta fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Wọn ò yọjú sí i rí láti ìgbà tó ti wẹ̀wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yọ́ lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní àwọn ò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n bi mí bóyá ó ń jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tó ku ọ̀la kí oṣù parí, tí òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ náà tún ń rọ̀, bàbá rẹ̀ wọlé. Wọ́n gbé aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n ní bùbá làwọn fẹ́. Ọmọ wọn rí wọn, ó sì sá lọ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò dìde. Mo fi eyín há abẹ́rẹ́ kí n má baà sọ̀rọ̀.

Bàbá na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Òjò ń rọ̀. Ó pẹ́ débi pé ó wá dà bíi pé ìta ti jìnnà sí wa. Apá arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, síbẹ̀ wọn ò gbé e wálẹ̀.

Ọkùnrin náà jáde wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," bàbá wí. "Apá ń ro mí."

Ó dìde. Ó yọ tépù lọ́rùn, ó gbé e lé èjìká bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀.

"Rọra wọ̀n ọ́n," bàbá wí. "Mi ò kánjú mọ́."