Irun Tútù Lórí Iyùn Mọ́mì

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé ohunkóhun tó bá ń tutù yọ̀yọ̀ nínú omi, ara rẹ̀ ló le. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, mo háyà yàrá kan ní Iba lọ́dọ̀ olùkọ́ yunifásítì kan, obìnrin ará Èkìtì tí gbogbo àwa ayálégbé ń pè ní Mọ́mì. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà ní pálọ̀ wọn, omi oníyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ àti iyùn tó wà láàyè, tó ń ṣí bí òdòdó. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló tò ó. Nígbà tí Mọ́mì ń lọ bá ọmọ wọn tó bímọ sí Àkúrẹ́, èmi ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo ń bọ́ ẹja. Mo ṣí kọ́tìnnì sílẹ̀ kí oòrùn lè ráàyè wọlé. Bí omi bá fà, omi kànga ni mo ń bù sí i, kí n má baà fi omi tí Mọ́mì sẹ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ṣòfò. Kò pẹ́ tí ewéko tútù tín-ín-rín bí irun fi bo òkúta inú rẹ̀, ó gun orí iyùn, iyùn sì pa ojú dé.

Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ bẹ bàbá kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Okokomaiko, wọ́n sì bá mi wá. Wọ́n fa ewéko náà, wọ́n fi ìka ra á. Wọ́n ní ká ní ó ń yọ̀, tó sì ń ṣí kúrò bí awọ ni, ìtọ́jú rẹ̀ ìbá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èyí di òkúta mú.

“Ìwọ lo ń bọ́ ọ,” ni wọ́n wí. “Ohun tí ẹja ò jẹ tán àti ìdọ̀tí inú omi kànga, òun ló ń jẹ; oòrùn sì ń mú un dàgbà.”

Mo béèrè bóyá kí n da oògùn sí i. Wọ́n ní iyùn lè bá a lọ, kí n fi ọwọ́ tu ú.

Mo pe Mọ́mì, mo jẹ́wọ́.

“Bàbá àwọn ọmọ mi náà pa ti àkọ́kọ́ tán pátápátá,” ni wọ́n sọ. “Má sunkún, tu ewéko.”

Láràárọ̀, kí n tó lọ sí kíláàsì, mo ń tu ú, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha òkúta. Mo dín oúnjẹ kù, mo ti kọ́tìnnì, mo ń fi omi kẹ́ẹ̀gì tí mo po iyọ̀ òkun sí pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá ẹlẹ́ja mú ìgbín òkun wá kó máa jẹ ìyókù. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí àyípadà kan. Lọ́jọ́ kan ni mo rí i tí iyùn kan rọra la ojú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, n kò lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Ẹyọ kan kò jí. Nígbà tí Mọ́mì dé, wọn kò yọ ọ́ dànù. Ẹja kékeré kan ti fi ihò ara iyùn náà ṣe ilé.

Ní àdúgbò Ọ̀jọ́ tí mò ń gbé báyìí, mo ní àpótí kékeré tèmi. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ewéko a tún yọ lórí òkúta. Àyà mi kì í já mọ́. Ń ṣe ni mo ń ká apá aṣọ mi sókè, tí mo ń ki ọwọ́ bọ omi.