Aṣọ Tí Mo Fi Ilá Tẹ̀

Sẹ́ǹtì mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n ń ta páùnù ilá kan lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tí kò jìnnà sí ilé mi ní Capitol Heights, nílùú òyìnbó níbí. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò bínú sí ẹnikẹ́ni àfi àwa obìnrin Yorùbá. A ó dé ìdí àtẹ, a ó mú ilá lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó ṣẹ́ ẹ ní imú. Èyí tó bá dá pàá, ó rọ̀ nìyẹn, ó wọ àpò. Èyí tó bá tẹ̀ tí kò dá, ó ti kó nìyẹn, a ó jù ú padà sórí àtẹ pẹ̀lú imú rẹ̀ tó ti wọ́. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sára ògiri ní lẹ́tà pupa gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́ ilá òun. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó kọ. Àwọn tó kàwé dé ojú àmì, lọ́yà, oníṣirò owó, ni mo rí tí wọ́n dúró sábẹ́ àkọlé yẹn tí wọ́n ń ṣẹ́ ilá bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Aṣọ ni mò ń tà ní bésíìmẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé mi, àǹkárá, léèsì, gèlè, ohun tí àwọn ará wa bá fẹ́. Bí ọjà bá dákẹ́, mo máa ń rán ìrọ̀rí àti àpò ìfàlọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan mo rí òyìnbó obìnrin kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó gé pòtétò sí méjì, ó gbẹ́ ẹ lójú, ó kì í bọ ọ̀dà, ó sì ń fi tẹ ọnà sára aṣọ funfun nínú kíṣìnnì rẹ̀. Ó ní ìrọ̀rí ni òun fẹ́ fi rán. Mo ní, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jẹun yó tán, ẹ wá ń fi èyí tó ṣẹ́kù ṣeré.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mi ò ní pòtétò nílé. Ilá ni mo ní, èyí tó ti kó tí mo gbàgbé sínú fìríìjì. Mo gé ọ̀kan ní ìbú, mo wò ó. Òdòdó ni! Ọlọ́run ti gbẹ́ ọnà sínú ilá láti ọjọ́ tó ti dá a, ọbẹ̀ la kàn fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ kò ṣeé wò. Yíyọ̀ ilá gbé ọ̀dà lọ, ó dà bíi pé ìgbín rìn kọjá lórí aṣọ. Mo gé òmíràn, mo sá a sórí ìwé ìròyìn títí ojú rẹ̀ fi gbẹ, mo wá fi tẹ ọ̀dà aláwọ̀ aró. Ó mú rekete. Mo fi ayọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ kí àwọ̀ má baà ṣí, mo fi rán ìrọ̀rí kan, mo gbé e sórí àga.

Orí àga yẹn ni oníbàárà mi tó tóbi jù ti bá a. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, Bowie ló ń gbé, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ibi tó bá ti ra aṣọ ni gbogbo wọn ń rà. Ó gbé ìrọ̀rí náà, ó ti ìka bọ ẹnu, ó fi ra ara òdòdó náà, ó wo ìka. Àwọ̀ kò ṣí.

“Ìyá Aláṣọ, níbo lo ti rí èyí?”

“Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, Àǹtí.”

“Kí lo fi tẹ̀ ẹ́?”

“Ilá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ ìfọṣọ mi mú. “Ilá! Ìwọ obìnrin yìí burú. O ò ṣáà fẹ́ kí n mọ ibi tí o ti ń rà á.”

Mi ò bá a wí. Nínú òwò aṣọ, kò sẹ́ni tó ń sọ orísun ọjà. Bí o bá béèrè lọ́wọ́ aláṣọ, á ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi ránṣẹ́. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ó délé, ó ra káàdì ìpè, ó pe àbúrò rẹ̀ ní Èkó, ó júwe aṣọ náà fún un. Àbúrò wọ ọjà lọ. Aláṣọ àkọ́kọ́ ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tán lọ́wọ́ òun ni. Ìkejì ní Switzerland ló ti ń wá, kí ó fi owó sílẹ̀ de èyí tó ń bọ̀. Ẹ gbà mí o! Aṣọ tí mo fi ilá àná tẹ̀ ní Capitol Heights!

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, Àǹtí padà dé, ó ń mi orí bí ẹni tó mú olè.

“Mo ti mọ̀. Switzerland ni.”

“Àǹtí, ilá ni.”

“Máa wí. Yáàdì méjìlá ni mo fẹ́ fún Ọjọ́ Ìsinmi àwọn obìnrin. Mẹ́fà tèmi, mẹ́fà ni màá fi ta ìyàwó àlùfáà wa lọ́rẹ. Èló ni yáàdì kan?”

Mo ní dọ́là márùnlélógún, kí ó lè sá. Kò sá. Ó ní òun mọ ohun tí aṣọ Switzerland ń náni. Kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ ṣá. Ó ní, “Ṣé mo sá fún ọ rí ni?”

Mo wa ọkọ̀ lọ ra aṣọ funfun ní Beltsville, mo ra ọ̀dà. Ó wá ku ilá. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, gbogbo ilá ìlú sì rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìkókó. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti fọ́ pẹ̀tẹ̀. Èmi tí mo ń sá fún ilá tó kó láti kékeré, mo wá ń wá a kiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Ìgbà náà ni mo rántí àwọn tí a ń ṣẹ́ tí a kì í rà. Mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa gbogbo onímú-wíwọ́.

Ọkùnrin náà sáré wá. “Màdáámù, èyí tí ẹ̀yin ṣẹ́ tí ẹ kọ̀ nìyẹn.”

“Òun gan-an ni mo fẹ́.”

Ó wò mí bíi pé mo wá tọrọ àforíjì lórúkọ gbogbo ìran Yorùbá. Dọ́là mẹ́ta ló gbà lórí odindi àpò kan.

Mo tẹ aṣọ títí ẹ̀yìn mi fi ń pè mí lórúkọ. Ó ku yáàdì kan péré nígbà tí Àǹtí gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Ó bá mi níbi tí mo ti fi ọ̀dà kùn dé ìgúnpá, ilá lọ súà lórí ìwé ìròyìn.

“Ìyá Aláṣọ.”

“Àǹtí.”

“Ilá ni.”

“Ilá ni, Àǹtí.”

“Ilá ọbẹ̀?”

“Kí n má purọ́, kò dáa fún ọbẹ̀. Ó ti kó.”

Ó jókòó. Ó ní, “Mi ò lè san dọ́là márùnlélógún lórí yáàdì ilá. Ọgọ́rùn-ún ni màá san lórí gbogbo ẹ̀.”

Mo rò ó. Bí mo bá gbà, gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin á wá ná mi ní iye tí wọ́n ń ná ilá. Bí mo bá kọ̀, á kó wọn lọ sọ́dọ̀ aláṣọ mìíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà jẹ́jẹ́.

“Kò burú, Àǹtí. Màá gbé e kọ́ síbí. Bí wọ́n bá wá béèrè aṣọ Switzerland lọ́wọ́ mi, màá mú wọn wọlé wá wo bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́.”

Ó fò dìde. “O ò gbọdọ̀! Mo ti sọ fún ìyàwó àlùfáà!”

“Kí lẹ sọ fún un?”

Ó wo ilẹ̀. “Mo ní ẹnì kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá fún mi nínú bàálù.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ bínú, kò lè ṣe é, ẹ̀rín gbé òun náà. Ó nu ojú, ó ṣí pọ́ọ̀sì, ó ka ọ̀ọ́dúnrún dọ́là lé tábìlì. Ó tún fi àádọ́ta lé e.

“Èyí ni ti ẹnu rẹ.”

“Ẹnu mi kì í gba owó, Àǹtí. Ọwọ́ mi ló ń bá a gbà á.”

Kò tíì tán o. Ó dúró tì mí títí mo fi tẹ yáàdì tó kù, ó wá kó gbogbo ilá náà pátá, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tó wà lábẹ́ rẹ̀, sínú ọ̀rá. Ó ní òun ò lè fi wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí mi, kí ọmọ ìjọ kan má baà rí i. Ó gbé e sínú ọkọ̀ olówó ńlá rẹ̀, ó wa ilá lọ sí Bowie.

Mo ti ìlẹ̀kùn, mo fọ ọwọ́. Mo yọ owó aṣọ funfun, mo yọ ti ọ̀dà, mo yọ ti ilá. Èrè tó kù sí mi lọ́wọ́ jẹ́ igba dọ́là ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, àti àádọ́ta sẹ́ǹtì.