Bàbá Fúnmiláyọ̀, Ahọ́n tí Ó Mọ Ọjọ́ Orí Wáìnì

Háà! Bàbá Fúnmiláyọ̀, ṣé bí ẹ ṣe máa lọ nìyí? Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ iyán tán ní ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ ní kí n bu omi wá? Mo gbé omi dé, ẹ ò gbà á. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí n pè yín lẹ́ẹ̀mejì! Kò sí ibà, kò sí orí fífọ́. Ta ni kí n bi?

Ọkọ mi, ọmọ adẹ́mu Ìjerò tó di kúkù àgbà ní ilé àlejò ní Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni òyìnbó kan ti kọ́ yín bí a ṣe ń tọ́ wáìnì pupa wò láìfojú rí ìgò, tí a ó sì mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ ní kò yà yín lẹ́nu. Bàbá yín a máa dijú tọ́ ẹmu wò, a sì sọ ọ̀pẹ tí wọ́n ti dá a.

Nígbà tí òyìnbó náà ń relé, ó fún yín ní ìgò mẹ́jọ, méjì-méjì láti ọdún mẹ́rin. Ẹ tẹ́ wọn sábẹ́ ibùsùn bí ọmọ tuntun. Èmi tí n kò lè wo eruku níran, mo fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ gbogbo wọn, títí ìwé ara wọn fi bọ́ sínú omi. Ìwé tí ọdún wà lára rẹ̀! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tò wọ́n padà ní méjì-méjì bí mo ṣe bá wọn. Mo ti ń di ẹrù Ayétòrò, ilé bàbá mi, lọ́kàn. Ẹ wò mí, ẹ ní, "Ìyá Fúnmi, ìwé lo fọ̀. O ò fọ ahọ́n mi."

Ẹ fi gèlè mi di ojú. Ọ̀rẹ́ yín, Alàgbà Òjó, ṣí ìgò kọ̀ọ̀kan nínú méjì-méjì, ó kó àwọn kọ́ọ̀kì, ìdérí ẹnu ìgò tí wọ́n tẹ ọdún sí lára, sápò. Ẹ gbóòórùn, ẹ tọ́ díẹ̀, ẹ tu ú sínú abọ́. Alàgbà pariwo: "Ṣé o ya wèrè ni? Ohun tó ti òkè òkun wá lò ń tu dànù bí itọ́?"

Ẹ ní, "Òjó, bí mo bá ń gbé e mì, ife kẹta á purọ́ fún mi."

Ẹ ní èyí tó ń fa ẹnu pọ̀ bí obì tútù lọmọdé, èyí tó rọ̀ làgbà. Alàgbà yọ àwọn kọ́ọ̀kì wò: lóòótọ́ ni. Àwọn méjì àárín nìkan lẹ fi sípò ara wọn. Alàgbà fẹ́ bò ó fún yín, ẹ kọ̀: "Mo ṣì í." Irú èèyàn tí mo fẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ẹfun kọ ọdún sára mẹ́rin tó kù, ẹ ní ti ìgbéyàwó Fúnmiláyọ̀ ni, ọmọ wa kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kẹta tí ẹ lọ, ẹbí yín ní kí n kó wọn jáde fún àlejò òkú. Àbúrò yín ní, "Ìyàwó wa, ta ló kù tó mọ̀ ọ́n tọ́? Jẹ́ ká mu ún kó tó kan." Mo kúnlẹ̀, mo sì kọ̀. Mo ní ẹmu wà, bíà wà, òùngbẹ ò ní gbẹ ẹnikẹ́ni. Ìlérí tí bàbá ṣe fún ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń bù fún àlejò. Wọ́n bínú. Kí wọ́n bínú.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ ní tó bá di Àbámẹ́ta ẹ ó kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ẹtì lẹ lọ. Ọjọ́ kan péré, Bàbá Fúnmi, ẹ ò lè dúró dè mí!

Ẹ sùn re o, ọkọ mi. Ojú mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì gbà pé ẹ ò ní wọlé.

Aya yín,
Ìyá Fúnmiláyọ̀